Nọ́ńbà ọkọ̀ tuntun ní Ghana: Ta ni yóò kà á ní Lapaz?

Ní ọdún 2025 ni DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Ghana, kéde pé òun yóò mú nọ́ńbà ọkọ̀ tuntun tó ní RFID nínú jáde, tó sì fi oṣù Kínní ọdún 2026 ṣe àfojúsùn. Ìrètí ọ̀pọ̀ ni pé ọkọ̀ tí wọ́n bá jí kò ní rí ibi sá sí mọ́.

Ìrètí náà tóbi ju ohun tí nọ́ńbà nìkan lè ṣe lọ. Lapaz ní Accra ni ó yẹ kí a ti yẹ̀ ẹ́ wò, níbi tí ọ̀nà N1, tí wọ́n ṣí ní 2012, ti ní ìlà mẹ́ta lọ, mẹ́ta bọ̀, tí trotro ń já èrò, tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ sì ń wá àyè sọdá.

Kí ló wà nínú rẹ̀?

Ohun tó wà lára ọkọ̀ kò ju ṣíìpù kékeré kan àti áńtẹ́nà pẹlẹbẹ lọ. Kò ní bátìrì. Yóò máa sùn títí ìgbì rédíò láti ara ẹ̀rọ tó ń kà á yóò fi bà á. Agbára inú ìgbì náà ni yóò fi jí, tí yóò sì dá nọ́ńbà rẹ̀ padà, bí dígí ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Kì í ṣe GPS. Kò mọ ibi tí ọkọ̀ ti wá, kò sì lè ké sí ẹnikẹ́ni láti inú ọgbà tí olè gbé e pamọ́ sí.

Ẹ̀bá ọ̀nà gan-an ni owó yóò wọlé sí. Nǹkan bí mítà 10 ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ríran dé dáadáa, nítorí náà ìlà kọ̀ọ̀kan ní Lapaz nílò áńtẹ́nà tirẹ̀ lókè. Wáyà tó so áńtẹ́nà mọ́ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gùn jù, torí ó ń jẹ agbára lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí ni kọ̀ǹpútà, íntánẹ́ẹ̀tì àti iná mànàmáná, ní orílẹ̀-èdè tó fúnra rẹ̀ sọ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní “dumsor”.

Irin náà tún ń dí ìgbì lọ́wọ́. Ṣíìpù lásán tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ irin yóò dití. Àfi èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ ni India lẹ FASTag tirẹ̀ mọ́, tó sì di dandan ní oṣù Kejì ọdún 2021.

Ọ̀rọ̀ ìgbì fúnra rẹ̀ ṣe pàtàkì. Yúróòpù ń lo 865 sí 868 MHz, Amẹ́ríkà ń lo 902 sí 928. Ti Amẹ́ríkà yìí forí gbárí pẹ̀lú ibi tí fóònù GSM 900 ti ń sọ̀rọ̀, èyí tó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ láìbéèrè èyí ti ra wàhálà.

Ghana dá owó ojú ọ̀nà dúró ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìjọba sì ti ń sọ nípa dídá a padà pẹ̀lú ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ ibi ìsanwó nìkan ni ẹ̀rọ wà, olè tó bá gba àdúgbò kọjá ti bọ́. Bó bá sì wà níbi gbogbo, àkọsílẹ̀ ìrìn ẹni gbogbo yóò wà lọ́wọ́ ẹnìkan, òfin ààbò ìsọfúnni tí Ghana ṣe ní 2012 ló sì yẹ kó sọ ẹni tó lè wò ó àti iye ọjọ́ tó lè fi pamọ́.

Ní ti ọ̀kadà tí kò ní nọ́ńbà rárá, yóò kọjá lábẹ́ áńtẹ́nà Lapaz láìsí ohun tí ẹ̀rọ yóò kà; kámẹ́rà nìkan ló lè rí ìyẹn.