Ẹ̀gbọ́n Mi Ò Ṣìnà

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ sílẹ̀, ó ní fisíìsì lòun fẹ́ kà. Láti ọjọ́ náà, tó bá kí Dádì, “Hẹn” ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Mọ́mì ní kí n má dá sí i. Mo ti dá sí i báyìí.

Ẹ gbọ́ ìtàn Dani Bassett, ará Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ọmọ 11 ni wọ́n, ilé ni wọ́n ti kọ́ wọn níwèé. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ lọ. Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ ka fisíìsì ní Penn State, ó parí ní 2004. Ó wá sí Cambridge níbí, ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú fisíìsì ní 2009. Kí ló wá fi fisíìsì ṣe? Ọpọlọ èèyàn ló fi ń yẹ̀ wò!

Ẹ wo máàpù Underground. Kò sọ bí ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Èwo ló so mọ́ èwo ló ń sọ. Tí wọ́n bá ti King's Cross pa, wàhálà dé nìyẹn. Tó bá jẹ́ ibùdókọ̀ kan ní ìparí ọ̀nà ni, ìwọ̀nba èèyàn ló máa mọ̀. Bí Bassett ṣe ń wo ọpọlọ nìyẹn: apá wo ló ń bá apá wo ṣiṣẹ́, ìgbà wo ló ń yí padà? Ní 2011, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn tó ń fi ìka kọ́ nǹkan tuntun. Àwọn tí apá ọpọlọ wọn tètè ń fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ bá òmíràn ṣiṣẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n jù nígbà tí wọ́n tún padà wá. (Mi ò ní kí gbogbo wa máa pààrọ̀ kọ́ọ̀sì o. Ìka ni wọ́n dán wò, kì í ṣe ìgbésí ayé.)

Ní 2014, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur, $625,000. Mo mọ̀ pé Dádì máa ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Nọ́ọ̀sì ń tètè ríṣẹ́, fisíìsì ńkọ́? Iṣẹ́ alẹ́ ni Mọ́mì ń ṣe kówó wa lè pé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Gbogbo èèyàn kọ́ ló máa gba ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò sá fún ìwé, èyí tó le jù ló lọ mú! Tọ́mọ bá ní òun fẹ́ yí ọ̀nà padà, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tó rí.

Dádì, ó ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Jímọ̀. Tó bá kí yín, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá a lóhùn dáadáa.