Ẹ̀rù Kì Í Ṣe Oríkunkun

Ẹranko kékeré kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní guinea pig. Nílé ìwé wa, ẹmọ́ òyìnbó ni a ń pè é, nítorí pé ó fara jọ ẹmọ́ inú igbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ìrù. Mọ́kànlá ni wọ́n nínú kéèjì tó wà lẹ́yìn yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, a sì ń fi wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn. Ní sáà tó kọjá, wọ́n pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó wọn jáde lọ nasẹ̀ lórí koríko mọ́. Ìdí tí wọ́n fún wa ni pé ẹran náà lóríkunkun, pé kò ṣeé mú, àti pé mímú un ń fi àkókò ẹ̀kọ́ ṣòfò. Mo kọ àròkọ yìí láti tako àṣẹ náà. Ẹran náà kò lóríkunkun. Ẹ̀rù ló ń bà á, àwa gan-an la sì dá ẹ̀rù náà sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń mú wọn kí àṣẹ náà tó jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà á rọ́ yí kéèjì ká. Ẹnì kan á máa fi ìgbálẹ̀ tì wọ́n láti ẹ̀yìn, ẹlòmíràn á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti òkè. Àwọn ẹran náà á sáré lọ sí igun kan, wọ́n á máa gun ara wọn lórí, wọ́n á máa han gooro. Èyí tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ tẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tàbí awọ ẹ̀yìn ọrùn ni wọ́n á fi gbé e sókè, á máa rọ̀ dirodiro, àwọn tó ń wòran á sì máa rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá gbé e dé orí koríko, kì í jẹun, kì í sáré, á kàn lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí òkúta. Bó bá tó àkókò láti dá a padà, eré àlékiri náà á tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n wá ní ẹran lóríkunkun! Bí ẹnì kan tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ bá ki ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọ kíláàsì wa, tó fi ẹsẹ̀ kan fà mí jáde, ta ni yóò pè mí ní olóríkunkun bí mo bá pariwo?

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹran tó jẹ́. Agbègbè òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, níbi tí àwọn ará Peru, Bolivia àti Ecuador ti ń sìn ín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Kò ní ìwo, kò mọ igi gùn, koríko sì ni eyín rẹ̀ wà fún. Èyí tó dàgbà dáadáa nínú wọn kì í sábà wọ̀n ju kílógírámù kan lọ púpọ̀. Ẹyẹ ń pa á jẹ, ejò ń pa á jẹ, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń pa á jẹ. Ohun ìjà méjì péré ló ní: kó sáré, tàbí kó dúró gbagidi kí ọ̀tá má baà rí i. Ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí kó lè máa rí ohun tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn àti láti òkè. Nítorí náà, bí ọwọ́ bá já lù ú láti òkè, ọwọ́ kọ́ ló rí, àwòdì ló rí. Ọmọ adìyẹ tó sá fún àwòdì, a kì í pè é ní olóríkunkun. Ọlọ́gbọ́n là ń pè é.

Ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Bí ẹran náà bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un, a ó ní, "Ẹ wò ó, ara rẹ̀ ti balẹ̀." Irọ́ ni. Ó lè jẹ́ ìgbà náà gan-an ni ẹ̀rù bà á jù. Ó dúró gbagidi nítorí pé kò rí ọ̀nà sá mọ́. Bí ọwọ́ bá dẹ̀ díẹ̀, á fò jáde láti ibi gíga, ó sì lè fi ẹsẹ̀, eyín tàbí eegun ẹ̀yìn ṣẹ́. Ara rẹ̀ kò rí bíi ti ológbò tó lè já láti orí òrùlé kó sì fẹsẹ̀ balẹ̀.

Báwo ló ṣe wá yẹ ká ṣe é? Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi méjì nínú SS2 dán ọ̀nà ẹ̀sọ̀ wò kí àṣẹ náà tó jáde, lẹ́yìn tí a ti gba àyè lọ́wọ́ olùkọ́ wa. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a kò mú ẹran kankan. A kàn ń jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì nígbà ìsinmi ọ̀sán, a ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, a na ewé yúnyun sí wọn, a kò sì mi ọwọ́. Lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí èyí tó wá. Lọ́jọ́ kẹrin, abo kan tó ní àmì funfun níwájú orí wá já ewé kan, ó sì sá lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa parí, mẹ́fà nínú wọn ti ń jẹun lọ́wọ́ wa.

Ìgbà náà la wá gbé páálí kan wọlé. A dá páálí náà dùbúlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè kọjú sí wọn, a sì tẹ́ koríko sínú rẹ̀. Ẹran yìí fẹ́ràn ibi tó ṣókùnkùn tó sì ní ìbòrí, nítorí náà kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ páálí di ilé. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, bí a bá ti gbé páálí sílẹ̀, wọ́n á wọlé fúnra wọn ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn méjì tó ń lọ́ra, pákó pẹlẹbẹ méjì la fi ń rọra dín àyè wọn kù títí wọ́n á fi rí i pé ẹnu páálí ni ọ̀nà. A ó pa ẹnu rẹ̀ dé, a ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdí rẹ̀ kó má baà já, a ó gbé e dé ibi tí a fi nẹ́ẹ̀tì yí ká lábẹ́ igi máńgòrò, a ó sì dá a dùbúlẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń jáde nígbà tó bá wù wọ́n. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ la sì ń ṣe é, nítorí pé ooru ọ̀sán lè pa wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jáde báyìí, wọ́n jẹ koríko, wọ́n sáré yíká, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta sókè bíi gúgúrú inú ìkòkò. Mi ò tíì rí i kí ẹran wọn ta báyìí rí láti JSS1.

Bó bá di dandan láti fọwọ́ gbé e, bóyá torí pé ó ń ṣàìsàn, ọwọ́ kan á wà lábẹ́ àyà rẹ̀, ọwọ́ kejì á gbé ìdí rẹ̀, a ó sì fà á mọ́ àyà wa. Kí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbé jókòó sílẹ̀ kó tó gbà á.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ẹran lásán ni, ẹran tí àwọn ẹlòmíràn ń sè jẹ. Òótọ́ ni pé wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Peru. Ṣùgbọ́n jíjẹ ẹran kò ní ká máa dáyà já a kó tó kú. Ìyá àgbà mi ní abúlé ń sin adìyẹ tó ju ogún lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé méjì lọ sọ́jà, wọn kì í lé adìyẹ kiri àgbàlá lọ́sàn-án. Wọ́n á dúró di alẹ́ tí adìyẹ bá ti wọ̀, wọ́n á rọra gbé èyí tí wọ́n fẹ́, àwọn tó kù ò tilẹ̀ ní mọ̀. Kí ló dé tí ohun tí àgbàlagbà tí kò ka ìwé mọ̀ fi ṣòro fún ilé ìwé?

Àwọn mìíràn á ní kò sí àkókò. Mo fi aago wò ó. Lílé wọn kiri máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Páálí ń gba akẹ́kọ̀ọ́ méjì àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Èwo ló ń fi àkókò ṣòfò?

Àwọn kẹta ló ṣòro jù láti dá lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn jọ àánú. Wọ́n ní bí ìjáde bá ń dẹ́rù bà wọ́n, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú kéèjì. Ṣùgbọ́n orí wáyà ni wọ́n dúró sí nínú kéèjì wa tọ̀sán-tòru, wáyà sì máa ń dá egbò sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹran tí kò rìn á sanra sódì. Bíi ti àwa ènìyàn, ara wọn kò lè ṣe fítámínì C fúnra rẹ̀. Inú ewé tútù ni wọ́n ti ń rí i, èyí tó pọ̀ lórí koríko ju inú oúnjẹ gbígbẹ tí à ń dà sílẹ̀ fún wọn lọ. Ìjáde kọ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọ̀nà tí a fi ń mú wọn jáde ni. A kì í ti ọmọ mọ́lé títí ayé nítorí pé ẹni tó ń mú un lọ sílé ìwé ń fọ́ ọ létí.

Òfin pàápàá kò gbè sẹ́yìn wa. Abala 495 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, dárúkọ lílù àti dídẹ́rù ba ẹran nínú ohun tó lè jẹ́ ìwà ìkà. Ó sì dárúkọ gbígbé ẹran lọ́nà tó ń fìyà jẹ ẹ́ láìnídìí. Ní Switzerland, òfin tí wọ́n ṣe ní 2008 kò gbà kí ẹnikẹ́ni sin ẹran yìí ní ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí pé ẹgbẹ́ ló ń gbé. Mi ò ní kí wọ́n kó ọmọ JSS1 lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tí òfin ń pè ní ìkà kò yẹ kó jẹ́ eré nílé ìwé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ lẹ fẹ́ kí a rí kọ́ lára ẹran wọ̀nyí. A ti ń kọ́ ọ lóòótọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó dúró ti kéèjì náà ń kọ́ pé ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, ṣe là ń lé e mọ́ igun, ká sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò mú ẹ̀kọ́ náà lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, yóò fi ṣe ọmọ tuntun tí kò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà wa ló sọ pé bó ti ń dun ọmọ ẹyẹ ló ń dun ọmọ ènìyàn.

Ohun mẹ́ta ni mò ń béèrè fún. Kí wọ́n fi òfin de fífi ẹsẹ̀ tàbí awọ ọrùn gbé ẹran. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì tó ti kọ́ bí a ṣe ń lo páálí máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹran máa jáde sórí koríko láti ọ̀sẹ̀ kìíní sáà tó ń bọ̀. Kò sí èyí tó máa ná ilé ìwé ní owó. Páálí ń bẹ lẹ́yìn ilé oúnjẹ, yúnyun sì kún etí pápá. Sùúrù nìkan ló kù, òun náà kì í ṣe títà lọ́jà.