Ta ló ni ilé ìwòsàn ìlú yín? Bí owó àti iṣẹ́ ìlera ṣe ń dé ìlú kékeré, àti ibi tó ti ń dúró lọ́nà

Tí obìnrin kan bá ń rọbí lóru ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Gombe, tàbí Kebbi, tàbí Benue, ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé e lọ ni ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà nítòsí. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ jìnnà, ọkọ̀ kì í sábà sí lóru, owó ọkọ̀ sì lè má sí nílẹ̀. Nítorí náà, ohun tó bá wà nínú ilé kékeré yẹn lóru ọjọ́ náà ló máa sọ bóyá ìyá àti ọmọ yóò rí òwúrọ̀. Ṣé agbẹ̀bí wà níbẹ̀? Ṣé iná wà? Ṣé abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró wà? Ṣé ọkọ̀ wà tí ọ̀rọ̀ bá le?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 fi hàn pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú ní Nàìjíríà ní 2023 nítorí oyún tàbí ìbímọ. Iye yìí ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé lọ.

Ẹ lè béèrè pé, ta ni ká dá lẹ́bi? Ìjọba mẹ́ta ló jọ di ilé ìwòsàn kan ṣoṣo yẹn mú, ìyẹn ni kì í fi í rọrùn láti mọ ẹni tí a máa mú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo bí nǹkan ṣe ń lọ dáadáa, ẹ máa rí i pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni oríkèé tó so àwọn yòókù pọ̀. Tí oríkèé yìí bá dá ṣáṣá, ohun tó wà ní Abuja lè dé ọ̀dọ̀ yín. Tí ó bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ dúró sọ́nà.

Ìjọba mẹ́ta, ilé kan

Láàárín 1985 sí 1993, nígbà tí Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtọ́jú alábọ́dé lọ sábẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Èrò náà ni pé ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ìṣòro ìbímọ àti àwọn àrùn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára lè dènà ló ń pa ará ìgbèríko jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nílò ilé ìwòsàn ńlá. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, oògùn tí kò wọ́n, àti ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ni wọ́n nílò. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 náà sọ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kópa nínú pípèsè ìlera àti títọ́jú àwọn ohun èlò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé iṣẹ́ náà pín sí ọwọ́ púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń san owó oṣù, iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ ló ń sọ bí iṣẹ́ ṣe máa lọ, iléeṣẹ́ mìíràn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́ tó sì ń gbé wọn láti ibì kan sí ibòmíràn. Tí nọ́ọ̀sì kò bá wá síbi iṣẹ́ fún oṣù kan, kálukú á ní kì í ṣe òun ló kàn.

Ní 2011, mínísítà ìlera àti àwọn kòmíṣánnà ìlera ìpínlẹ̀ gbogbo fẹnu kò pé kí wọ́n kó gbogbo ìtọ́jú alábọ́dé sábẹ́ òrùlé kan. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó òṣìṣẹ́, owó, oògùn àti ilé ìwòsàn alábọ́dé gbogbo. Àjọ ìpínlẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ará ìlú kò mọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ìlera ìlú kékeré wà jù lónìí.

Báwo ni owó ṣe ń dé?

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní 2014 ló dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún (1%) owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sínú rẹ̀. Ọdún 2018 ni owó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìṣúná fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bí òfin náà ṣe pín in nìyí: ìdajì fún ètò adójútòfò ìlera, 45% fún oògùn, irinṣẹ́, àtúnṣe ilé ìwòsàn àti òṣìṣẹ́, 5% tó kù sì jẹ́ ti ìtọ́jú pàjáwìrì.

Owó yìí kì í ti Abuja balẹ̀ tààrà sí ìlú yín. Àwọn àjọ ìpínlẹ̀ ló ń gbà á kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ní bánkì. Òfin tún sọ pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ jẹ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi owó tirẹ̀ kún un, èyí tí kò gbọdọ̀ dín ní 25% iye tí iṣẹ́ náà máa gbà. Ìpínlẹ̀ tí kò bá ṣètò ara rẹ̀, tí kò fi owó tirẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí kò ṣírò èyí tó ná tẹ́lẹ̀, àwọn ará ìlú kékeré abẹ́ rẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Èló gan-an ló ń dé? Fún ọdún díẹ̀, nǹkan bí 300,000 náírà ni ilé ìwòsàn kan ń gbà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó jẹ́ 100,000 náírà lóṣù, kò ju nǹkan bí 3,300 náírà lọ lójúmọ́. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti máa ra oògùn, ọṣẹ, ìbọ̀wọ́ àti epo jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n á tún òrùlé tó ń jò ṣe. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó náà máa gòkè sí 600,000 náírà, àti 800,000 náírà fún ibi tí aláìsàn ti pọ̀. Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí ọjà ṣe gbówó lórí nílẹ̀ yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè dá ilé ìwòsàn gbé dúró. Kò lè kọ́ ilé tuntun, kò sì lè san owó oṣù nọ́ọ̀sì mẹ́ta. Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé ìyẹn.

Ẹ wo Gombe. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 àti wọ́ọ̀dù 114 ló wà ní ìpínlẹ̀ náà. Lẹ́yìn tí Gómìnà Muhammadu Inuwa Yahaya gorí àlééfà ní 2019, ìjọba rẹ̀ fi ṣe ìlànà pé kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan, ó kéré tán, tí wọ́n tún ṣe tó sì ń ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ náà tún dá ètò adójútòfò ìlera tirẹ̀ tó ń jẹ́ GoHealth sílẹ̀. Gombe kì í ṣe ìpínlẹ̀ olówó. Ohun tó fi hàn ni pé ìpínlẹ̀ lè yan ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe.

Ilé tuntun kò gbẹ̀bí

Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n kùn lọ́dà kò lè gbẹ̀bí fúnra rẹ̀. Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti fi àwọn agbẹ̀bí ránṣẹ́ sí ìgbèríko káàkiri orílẹ̀-èdè. Abuja ń san lára owó wọn. Àdéhùn ni pé ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ á fi tiwọn kún un, wọ́n á sì wá ilé fún wọn. Níbi tí wọ́n ti mú àdéhùn ṣẹ, àwọn agbẹ̀bí náà dúró. Níbi tí wọn kò ti mú un ṣẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ẹrù wọn padà sí ìlú ńlá. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé Abuja lè rán agbẹ̀bí wá, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló lè mú kó dúró.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ oxytocin, tí wọ́n fi ń dènà ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Láti ibi ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ń lọ sí ti ìpínlẹ̀, kó tó dé ìjọba ìbílẹ̀, kó tó dé wọ́ọ̀dù. Tí òtútù bá já níbì kan ṣoṣo lójú ọ̀nà yẹn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa gún fún yín lè má lágbára mọ́, ojú lásán kò sì ní mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí iná sólà àti fíríìjì ilé ìwòsàn fi ṣe pàtàkì ju géètì ńlá tí wọ́n ń ṣí pẹ̀lú ayẹyẹ lọ.

A ti rí i pé nígbà tí oríkèé bá le, iṣẹ́ ń yọrí. Ní oṣù Kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ti fáírọ́ọ̀sì inú ìgbẹ́, Nàìjíríà ló sì kẹ́yìn nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń retí. Owó wá láti òkè òkun, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn gómìnà, àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ẹ́míà àti àwọn olórí àdúgbò ló mú kí abẹ́rẹ́ àti oògùn ẹ̀kán náà dé ẹnu ọ̀nà ilé ní abúlé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọkọ̀ tó máa gbé aláboyún

Ìgbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ju agbára ilé ìwòsàn alábọ́dé lọ, ó di dandan kí wọ́n gbé aláìsàn lọ síbòmíràn. Ní Gombe àti Adamawa, wọ́n ti lo ọgbọ́n kan tó dára: àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ NURTW yọ̀ǹda ara wọn láti máa gbé aláboyún tó wà nínú ewu lọ sí ilé ìwòsàn. Èrè awakọ̀ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n máa gbà á láyè láti kọ́kọ́ kó èrò ní gáréèjì láìtò sórí ìlà. Irú ètò báyìí lè yára bẹ̀rẹ̀ ju kí ìlú máa retí ambúláǹsì tuntun. 5% tó wà nínú àpò owó ìlera náà wà fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kó sì ṣètò rẹ̀, kí ìlú tó lè jàǹfààní rẹ̀.

Ìdájọ́ 2024: ṣé ó máa ràn wá lọ́wọ́?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, kí àwọn gómìnà má ṣe dá a dúró mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn yọ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ìlera, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Àǹfààní ibẹ̀ ni pé alága ìjọba ìbílẹ̀ kò ní lè sọ mọ́ pé gómìnà kò fún òun lówó. Ẹ lè bá a rojọ́, ó sì sún mọ́ yín ju gómìnà lọ. Ewu ibẹ̀ ni pé òrùlé kan tí wọ́n kó iṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀ láti 2011 lè tún tú. Tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń san owó oṣù, tí àjọ ìpínlẹ̀ sì ń darí òṣìṣẹ́, láìsí àdéhùn tó ṣe kedere láàárín wọn, a ti padà sí àtijọ́ nìyẹn. Ìjọba ìbílẹ̀ kékeré kan kò sì lè dá ra oògùn ní pọ̀ tàbí dá ibi ìpamọ́ abẹ́rẹ́ kọ́ bíi ti ìpínlẹ̀. Ohun tó yẹ kí aráàlú béèrè fún ni pé kí àwọn méjèèjì kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo èèyàn sì rí i: èwo ni ti ìpínlẹ̀, èwo ni ti ìjọba ìbílẹ̀?

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù yín. Ìlànà ni pé kí ìgbìmọ̀ yìí jókòó pẹ̀lú olórí ilé ìwòsàn láti ṣètò bí wọ́n ṣe máa ná owó oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Tí ìgbìmọ̀ kò bá sí, tàbí tí kò jókòó láti ọjọ́ pípẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn obìnrin wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn ló ń lo ilé ìwòsàn náà jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun mẹ́rin pẹ̀lú ọ̀wọ̀: Ìgbà wo ni owó wọlé kẹ́yìn, kí sì ni wọ́n fi ṣe? Òṣìṣẹ́ mélòó ló yẹ kó wà, mélòó ló wà? Ṣé fíríìjì ń ṣiṣẹ́? Ta ni a máa pè tí aláboyún bá wà nínú ewu lóru? Ẹ má fi ìbéèrè yìí dójú ti nọ́ọ̀sì. Ó ṣeé ṣe kí òun nìkan máa ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin. Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tó yẹ. Tí owó kò bá wọlé, tàbí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá tán, àjọ ìtọ́jú alábọ́dé ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Tí ọ̀nà ilé ìwòsàn bá bàjẹ́, tàbí tí omi kò sí, ẹ lọ bá alága ìjọba ìbílẹ̀.

Ìkẹta, ẹ béèrè nípa adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ìdajì àpò owó tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi ń san owó ìtọ́jú fún àwọn tí kò ní agbára, pàápàá àwọn aláboyún, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn arúgbó àti àwọn aláìlówó. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò lè jẹ níbẹ̀. Wọ́n máa béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀, NIN, nítorí náà ẹ ran àwọn ìyá àgbà àti aláboyún àdúgbò lọ́wọ́ láti gbà á.

Ọ̀rọ̀ ìbò ń bọ̀ lọ́nà, àwọn olóṣèlú á sì tún dé pẹ̀lú ìlérí ilé ìwòsàn tuntun. Ẹ bi wọ́n léèrè iye agbẹ̀bí tó máa sùn níbẹ̀ lóru, àti ẹni tí yóò máa san owó oṣù wọn.