Òkun Tó Ń Gba Ilẹ̀ Ìlàjẹ, Àti Iná Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ní ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú Ayétòrò dó sí etíkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìlú náà fi ní iná mànàmáná tirẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá kò tíì ní in. Lónìí, omi òkun ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń ṣí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Ayétòrò nìkan. Ó yẹ kí gbogbo ará ìpínlẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Èéfín epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú tí aráyé ń sun ni ó ń mú ayé gbóná. Òkun ni ó ń gba èyí tí ó ju ìdá 90 nínú 100 lọ lára àfikún ooru náà. Omi tí ó bá gbóná a máa fẹ̀. Yìnyín orí ilẹ̀ Greenland àti Antarctica pẹ̀lú ń yọ́ sínú òkun. Nítorí náà, láti 1901 sí 2018, ojú òkun àgbáyé ga sí i ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20. Láàárín 2006 sí 2018, ó ń ga ní mílímítà 3.7 lọ́dún, ó sì ń yára sí i.

Ìwọ̀n yìí lè kéré lójú ẹni tí ń gbé Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ rírọ̀ ni etíkun Ìlàjẹ, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ga ju omi lọ púpọ̀. Ìgbì kò ní ohun tí yóò dá a dúró. Bí omi bá sì ti gbóná jù, ẹja a máa wá ibi tí ó tutù lọ, àwọn apẹja a sì máa tẹ̀ lé e jìnnà.

Àwọn kan ń béèrè pé: ṣé òkun kan náà kò lè fún wa ní iná? Ó lè ṣe é. Ilé-iṣẹ́ La Rance ní Faransé ti ń fi omi òkun tó ń kún tó sì ń fà pèsè mẹ́gáwáàtì 240 láti 1966. Ti Sihwa ní Gúúsù Kòríà, mẹ́gáwáàtì 254, bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Ṣùgbọ́n níbi tí omi ti ń ga sókè ní mítà púpọ̀ ni èyí ti ń ṣiṣẹ́. Ní etíkun tiwa, kíkún omi kò ju mítà kan sí méjì lọ. Ohun tí a ní ni ooru: ojú omi wa gbóná, ìsàlẹ̀ jíjìn rẹ̀ tutù, ìyàtọ̀ méjèèjì sì lè yí ẹ̀rọ. Àmọ́ ọ̀nà yìí wọ́n gan-an, ní àgbáyé, ìwọ̀nba kékeré ni wọ́n ṣì ń ṣe é. Fún àwọn abúlé orí omi, iná oòrùn ni ó súnmọ́ ọwọ́ jù.

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí: iná òkun lè dín èéfín kù lọ́jọ́ iwájú, kò lè gba ilé tí omi ń wó lónìí. Ní 2004 àti 2009, a gbé iṣẹ́ ìdènà òkun Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe, síbẹ̀ ìdènà náà kò dìde. Èyí ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí, pẹ̀lú ìdáàbòbò igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ń di ẹrẹ̀ mú. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ètò tí a bá ṣe tán ni yóò gba etíkun wa là.