Owó Tí Ó Dé Lẹ́yìn Ebi: Ọ̀ràn Òṣìṣẹ́ Tí A Dá Dúró ní Abidjan

Ní ìlú Abidjan, bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá pe òṣìṣẹ́ kan ní òwúrọ̀, tí ó sì fi ìwé lé e lọ́wọ́ pé iṣẹ́ ti parí, kí olúwarẹ̀ tó dé ilé ni ebi ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Onílé kò ní béèrè bóyá iṣẹ́ wà tàbí kò sí kí ó tó béèrè owó ilé. Ilé-ìwé kò ní dá owó ọmọ dúró nítorí pé wọ́n dá baba rẹ̀ dúró. Ta ni yóò wá dúró ti irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn tí ó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire kò dùn ún gbọ́ sétí.

Àjọ kan wà ní Plateau, ní àárín gbùngbùn Abidjan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Caisse Nationale de Prévoyance Sociale, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí CNPS. Òun ni ó ń bójú tó ìrànlọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba. Fún owó ìfẹ̀yìntì nìkan, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù ni ó ń wọ àpò rẹ̀: agbanisíṣẹ́ ń san ìdá 7.7, wọ́n sì ń gé ìdá 6.3 nínú owó òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Òfin ọdún 1999 tí ó la iṣẹ́ àjọ náà sílẹ̀ dárúkọ ọjọ́ ogbó. Ó dárúkọ ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́. Ó dárúkọ ìbímọ àti ìtọ́jú ọmọ. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ rárá. Láti ọdún 2012 ni ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì sì ti kúrò ní 55, tí ó di 60. Ẹni 40 ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń bẹ ní ogún ọdún sí owó tí a ti ń gé lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Owó wà ní Plateau, ebi wà nílé.

Àwọn agbẹjọ́rò àwọn ọlọ́rọ̀ yóò wí pé òfin kò gbàgbé òṣìṣẹ́, pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó fún ẹni tí ó bá dá dúró. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a ṣírò rẹ̀ kí gbogbo ayé gbọ́. Fún ọdún 5 àkọ́kọ́, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù kan ni òfin pàṣẹ fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún kẹfà dé ìkẹwàá, ìdá 35. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá 40. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, owó-oṣù tí ó kéré jù lọ ní ilẹ̀ náà jẹ́ 75,000 owó CFA. Ẹni tí ó bá fi ọdún 5 ṣe iṣẹ́ lórí owó yìí yóò gba 112,500. Ẹni tí ó bá fi ọdún 10 gbáko ṣe é yóò gba 243,750. Èyí kò ju owó oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ! Bí a tilẹ̀ fi owó ìsinmi àti owó ìkìlọ̀ kún un, kò lè gbé ìdílé dé ìparí ọdún. Bí agbanisíṣẹ́ bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni òṣìṣẹ́ náà ṣẹ̀, owó ìdádúró yìí kò sí mọ́, àfi bí ẹlẹ́ṣẹ̀ ọ̀ràn-an-yàn bá lè gbéjà ara rẹ̀.

Níbo ni yóò ti gbéjà náà? Òfin iṣẹ́ ti ọdún 2015 pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ gba ilé-ẹjọ́ lọ tààrà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì aláyẹ̀wò ọ̀ràn iṣẹ́, kí wọ́n gbìyànjú láti parí rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí. Ìparí ìjà dára, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n nínú ìjà yìí, ẹnìkan jẹun yó kí ó tó dé, ẹnìkejì kò jẹun. Bí a bá sún ọjọ́ síwájú, agbanisíṣẹ́ kò pàdánù nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ ni yóò tún wá owó ọkọ̀ láti Yopougon tàbí Abobo. Bí ó bá pẹ́ títí, yóò gba ìdajì ẹ̀tọ́ rẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gba gbogbo rẹ̀. Ìdádúró ọjọ́ ti di ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tí ó lówó. Ìgbà ara là ń búra. Ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Owó tí ó bá dé lẹ́yìn tí onílé ti kó ẹrù ènìyàn síta kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ mọ́.

Àwọn kan ń wí pé bí a bá ń fún aláìníṣẹ́ lówó, yóò di ọ̀lẹ. Kí wọ́n rántí oṣù Kejì ọdún 2011, nígbà tí ìjà lórí ìbò ààrẹ gbóná, tí àwọn báǹkì ńlá Abidjan ti ilẹ̀kùn wọn, tí òwò sì dákẹ́. Àwọn tí ó jókòó sílé nígbà náà, ọ̀lẹ ha ni wọ́n bí?

Àwọn mìíràn ń wí pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ju agbára ilẹ̀ Áfríkà lọ. Irọ́ gbáà ni. Algeria ti dá tirẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1994. Ní South Africa, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá 1, inú àpò yẹn ni a sì ti ń san owó fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Owó tí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó pamọ́ ni.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó, bí kò bá ní ọjọ́ nínú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí owó aláìníṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1911, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè Universal Credit lónìí ń dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 kí ó tó fojú kan owó àkọ́kọ́. Ní Nàìjíríà, òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 wí pé ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lè gba owó tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ohun tí ó ti kó pamọ́, bí oṣù 4 bá kọjá tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn. Owó ara rẹ̀ ni o! Ìwé òfin ńlá Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàápàá ṣèlérí owó aláìníṣẹ́ ní abala 16; abala 6 sì wí pé kò sí ẹni tí ó lè torí ìlérí náà pe ìjọba lẹ́jọ́. Ọwọ́ ọ̀tún fúnni, ọwọ́ òsì gbà á padà.

Ọ̀ràn yìí kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìran dé ìran ni àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò ti fi Abidjan ṣe ilé. Oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wọn ní Adjamé àti Treichville. Ta ni yóò sì ra ọjà wọn bí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ tí ó ń gba owó-oṣù? Bí ebi bá wọ ilé òṣìṣẹ́ lónìí, yóò wọ ìsọ̀ oníṣòwò lọ́la.

Ohun mẹ́ta ni àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè láìṣojo. Èkíní, kí òfin dárúkọ àìníṣẹ́, kí àpò tirẹ̀ sì wà. Èkejì, kí a kọ ọjọ́ ìsanwó sínú òfin, kí ẹni tí ó bá fi í falẹ̀ máa san èlé. Ẹ̀kẹta, kí òṣìṣẹ́ lè gba díẹ̀ nínú owó náà nígbà tí ẹjọ́ bá ṣì wà nílẹ̀, kí ebi má bàa ṣe adájọ́ dípò adájọ́. Ìjọba tí ó mọ ọjọ́ tí yóò gé owó òṣìṣẹ́ ní oṣooṣù, tí kò sì jẹ́ kí ọjọ́ náà yẹ̀, kò ní àwáwí kankan bí ó bá wí pé òun kò mọ ọjọ́ tí òun yóò san án.