Kò Lè Na Ọ̀gá, Ìyàwó Ló Ń Nà

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àwa kò gbà.

Ẹni tó jí láago mẹ́rin ìdájí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn má bàa ká a mọ́, tó ṣiṣẹ́ dalẹ́, tí ọ̀gá tún bú, kò lè fi ẹ̀rín wọlé. A mọ ìyà yẹn, àwa náà là ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá na ìyàwó tán, tó ní wàhálà iṣẹ́ ló da orí òun rú, ẹ bá wa bi í: kí ló dé tí orí náà kò dàrú níwájú ọ̀gá? Ó mọ ẹni tí apá òun ká. Ọ̀pọ̀ ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà ni kò na ẹnikẹ́ni rí. Ẹ má bà wọ́n lórúkọ jẹ́.

Ẹni tí wọ́n ń nà gan-an ni àìsàn ń wọlé sí lára. Oorun á dá lójú rẹ̀. Bó bá gbọ́ ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà, àyà rẹ̀ á já. Òmíràn á máa rò pé ikú yá ju ẹ̀sín. Lówùúrọ̀, òun náà ló ń dúró nídìí ẹ̀rọ, tàbí tó ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò. Bí ẹ̀rọ bá gé e níka, wọ́n á ní kò fọkàn síṣẹ́. (Àwọn ọkùnrin kan náà ń jìyà bẹ́ẹ̀ nílé, ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ.)

Ní 2022, Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn 190 tí àjọ ILO ṣe ní 2019. Àdéhùn náà mọ̀ pé ìwà ipá inú ilé ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ìmọ̀ràn tó bá a rìn sì dárúkọ ìsinmi fún ẹni tó fara gbá a, àti ààbò kí wọ́n má lé e. Láti 2004 ni òfin Philippines ti ń fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú owó. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ṣòfin lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ní 2017. Ilé ìwòsàn Arò sì wà ní Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí Ifọ̀. Kì í ṣe ti ẹni tó ti já sọ́jà nìkan.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀ka wa bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn aláṣẹ, kí a béèrè ọjọ́ mẹ́wàá yẹn. Bí òṣìṣẹ́ kan bá sì fojú wíwú wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí akọ̀wé má ṣe ní kó lọ bẹ ọkọ rẹ̀.