Owó Gbogbo Ìlú, Ohùn Ẹnìkan: Ẹ̀kọ́ Tí Tẹlifíṣọ̀n Tallinn Kọ́ Wa

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń fi òógùn ojú yín san owó orí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ jìnnà sí wa púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a máa fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Ìlú kan ń bẹ ní etí òkun Baltic, ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí ó fi owó orí àwọn ènìyàn rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Kò tí ì pé ọdún mẹ́sàn-án tí ilé iṣẹ́ náà fi kú. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó pa á. Ọwọ́ àwọn tí ó bí i gan-an ni ó kú sí. Ohun tí ó fa ikú rẹ̀ ni a fẹ́ sọ, nítorí pé irú ikú bẹ́ẹ̀ lè pa ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní ibikíbi.

Ohun tí a ní í sọ kò lọ́jú pọ̀ rárá: ohùn tí gbogbo ìlú bá fi owó rà, gbogbo ìlú ni ó gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá sọ ọ́ di tirẹ̀ nìkan, kò ní í jẹ èrè rẹ̀ pẹ́, bí ó ti wù kí agbára ẹgbẹ́ náà tóbi tó.

Estóníà ni orúkọ orílẹ̀-èdè náà. Kékeré ni, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ju bí 1,300,000 lọ. Tallinn ni olú ìlú rẹ̀, àwọn tí ń gbé inú Tallinn sì lé ní 400,000. Ní ọdún 1940 ni ìjọba Sófíẹ̀tì fi ipá gba ilẹ̀ náà. Yàtọ̀ sí ọdún mẹ́ta tí àwọn ará Jámánì fi gbà á nígbà ogun, abẹ́ àjàgà Sófíẹ̀tì ni ó wà títí di ọdún 1991. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń sọ èdè Estóníà àti àwọn tí ń sọ èdè Rọ́ṣíà fi jọ ń gbé nínú Tallinn títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun ìṣeré lásán ni tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ní apá ibẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1988, lórí ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan tí à ń pè ní Mõtleme veel, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Edgar Savisaar dá a lábàá pé kí àwọn ènìyàn dá ẹgbẹ́ ńlá kan sílẹ̀ tí yóò jà fún àtúnṣe. Láti inú ọ̀rọ̀ tí ó sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ Rahvarinne ti jáde. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn di ara wọn lọ́wọ́ mú láti Tallinn gba Riga títí dé Vilnius, ọ̀nà tí ó lé ní 600 kìlómítà, láti béèrè òmìnira fún orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà ní etí òkun náà.

Nígbà tí ìjà náà le, ibi tí àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì dojú kọ ni ilé gogoro tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1991, ní Vilnius ti ilẹ̀ Lituéníà, àwọn ará ìlú fi ara wọn ṣe odi yí ilé gogoro náà ká pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ènìyàn 14 ni ẹ̀mí wọn bọ́ nínú ìkọlù ti ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, àwọn ọmọ ogun dé ìdí ilé gogoro ti Tallinn, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 314 mítà. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn lókè, wọn kò sì jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tá tẹ ẹ̀rọ náà títí ọ̀tẹ̀ tí wọ́n dì ní Moscow fi tú. Àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ẹ̀mí ṣọ́ ilé tẹlifíṣọ̀n báyìí, ẹ kò lè sọ fún wọn pé ẹni tí ó ni ín kò já mọ́ nǹkan.

Savisaar tí ó sọ ọ̀rọ̀ ọdún 1988 ni ó di olórí ìjọba láti ọdún 1990 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992. Ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú Keskerakond sílẹ̀ ní 1991, ó sì di méyọ̀ Tallinn láti 2001 sí 2004, àti lẹ́ẹ̀kejì láti 2007. Kò sí olóṣèlú tí ó mọ agbára tẹlifíṣọ̀n jù ú lọ ní ilẹ̀ náà. Kò yẹ kí ẹnu yà wá, nígbà náà, pé lábẹ́ rẹ̀ ni ìlú Tallinn ti dá tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n pè ní Tallinna TV. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2011 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni Estóníà pa owó rẹ̀ àtijọ́ tì, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó Yúrò. Ìdìbò sí ilé aṣòfin gbogbo orílẹ̀-èdè wáyé ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún náà. Kò ju oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lọ láàrin àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá lójú lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òtítọ́ o, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tí ó dá tẹlifíṣọ̀n náà sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó mọ́gbọ́n wá. Ní ìgbà náà, nínú àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n aládàáni tí ó tóbi jù, Kanal 2 wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Schibsted ti ilẹ̀ Nọ́wè, TV3 sì wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ MTG ti ilẹ̀ Swídìn. Ṣé ó burú bí ìlú bá fẹ́ ní ẹnu tirẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ àti àwọn àdúgbò rẹ̀? Ọ̀ràn ńlá sì ń bẹ nílẹ̀ tí ó yẹ ní àlàyé. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, ìlú bi àwọn ènìyàn léèrè nípa ìdìbò bóyá wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013 ni àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ láì san kọ́bọ̀. Bákan náà ni ti àwọn tí ń sọ èdè Rọ́ṣíà, tí púpọ̀ nínú wọn ń gbọ́ ìròyìn láti Moscow. Ó di ọjọ́ 28 oṣù kẹsán-án ọdún 2015 kí tẹlifíṣọ̀n gbogbo orílẹ̀-èdè tó ya ETV+ sọ́tọ̀ fún èdè wọn. Kí ìlú ní tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Níbo wá ni àṣìṣe wà? Ó wà nínú ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ ilé náà mú. Ìlú ni ó ni ín, ìlú ni ó ń san mílíọ̀nù Yúrò lé e lórí lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó sì ń darí ìlú. Àwọn ẹgbẹ́ alátakò kò yé pariwo pé ẹnu Keskerakond ni wọ́n ń fi owó gbogbo ènìyàn bọ́. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó dúró láàrin gbọ̀ngán ìlú àti ilé tẹlifíṣọ̀n, tí alátakò lè tọ̀ lọ kí ó ní ìdánilójú pé ẹjọ́ rẹ̀ yóò rí ìgbọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ àáró. Bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́wàá bá jọ dá àáró, oko gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń ro yí ká. Bí ó bá wá jẹ́ pé oko baba ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń ro láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di ìkórè, ṣé a ṣì lè pè é ní àáró? Ìsìn ni. Ará Tallinn tí kò dìbò fún Keskerakond san owó orí bí ti ẹlòmíràn, oko ẹlòmíràn ni wọ́n sì fi owó rẹ̀ ro.

Èrè wo ni ẹgbẹ́ náà wá rí? Nínú ìdìbò ọdún 2007, ìjókòó 29 ni Keskerakond ní nínú 101 tí ó wà ní ilé aṣòfin. Nínú ìdìbò oṣù kẹta ọdún 2011, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ti dé, 26 ni wọ́n ní. Àwọn tí ń wo tẹlifíṣọ̀n náà kò sì pọ̀ ní gbogbo ọdún tí ó fi wà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ènìyàn kì í dúró ti ìlù tí ó mọ ibi tí orin rẹ̀ máa parí sí. Nígbà tí olùgbọ́ bá ti mọ ìdáhùn kí wọ́n tó béèrè ìbéèrè, yóò pa á, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Òtítọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ pàápàá, kò ní í gbà á gbọ́ mọ́.

Nígbà tí ó di oṣù kẹsán-án ọdún 2015, ilé ẹjọ́ dá Savisaar dúró lẹ́nu iṣẹ́ méyọ̀ nítorí ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi kàn án. Òun sọ pé òun kò jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ sì fi òpin sí ẹjọ́ náà lórí rẹ̀ ní 2018 nítorí àìlera rẹ̀, láì dá a lẹ́bi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ yan Jüri Ratas ṣe olórí ní ipò rẹ̀. Nínú oṣù kan náà ni Ratas di olórí ìjọba Estóníà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, Keskerakond gba ìjókòó 40 nínú 79 ti ìgbìmọ̀ ìlú Tallinn. Ẹ kíyè sí i dáradára: ẹgbẹ́ náà kò ṣubú. Ó ní ìlú lọ́wọ́, ó ní ìjọba lọ́wọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 2019, ìlú tí ẹgbẹ́ náà ń darí ni ó ti ilẹ̀kùn Tallinna TV pa.

Ní ojú tiwa, ọ̀rọ̀ náà kò rú wa lójú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun tí a fi ojú-rere ẹnìkan gbé dúró, nígbà tí ẹni náà bá kúrò, kò ní ìdí tí yóò tún fi dúró. Àwọn alátakò kò lè bá a sọkún, nítorí kò fi ìgbà kan jẹ́ tiwọn. Àwọn ọ̀gá tuntun nínú ẹgbẹ́ rí i pé ìnáwó àti ẹ̀gàn ni ó ń mú wá fún wọn. Savisaar fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ilé iṣẹ́ náà ti kú ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó pàdánù jù ni ará àdúgbò kékeré tí kò ní owó tí yóò fi ra àyè nínú ìwé ìròyìn ńlá. Ohun rere inú tẹlifíṣọ̀n náà bá búburú inú rẹ̀ lọ sí ibojì kan náà.

Ẹ wá wo èkejì rẹ̀ nínú ìlú kan náà. Tẹlifíṣọ̀n gbogbo orílẹ̀-èdè, ETV, ti wà láti ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1955. Ní 2007 ni wọ́n so ó pọ̀ mọ́ rédíò orílẹ̀-èdè, tí wọ́n sì pe àpapọ̀ wọn ní ERR. Owó ìjọba ni ERR náà ń ná. Ṣùgbọ́n òfin sọ pé nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe àbójútó rẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó wà nílé aṣòfin yóò ní aṣojú kan, ẹgbẹ́ tí ń jọba àti ẹgbẹ́ alátakò. Àwọn onímọ̀ mẹ́rin yóò sì wà pẹ̀lú wọn. Ìjọba ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà ní Estóníà, ERR sì dúró. Owó ìjọba ni àwọn méjèèjì ná. Ọ̀kan ní olówó púpọ̀, ó wà láàyè. Èkejì ní olówó kan, ó kú.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi wá léèrè pé: “Ìwé ìròyìn tiyín ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ti ẹgbẹ́ ni?” Ti ẹgbẹ́ ni, a kò sì fi í pamọ́; orúkọ ẹgbẹ́ wà lójú ìwé. Ẹni tí ó fẹ́ ni ó ń fi owó ara rẹ̀ rà á. Ẹni tí kò fẹ́, kò sí akówó-orí tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti ní ẹnu, bí ó bá fi owó ọmọ ẹgbẹ́ bọ́ ọ. Ohun tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ni kí ó fi owó ọ̀tá rẹ̀ bú ọ̀tá rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Bí àwọn alátakò bá dé ibẹ̀, ṣé wọn kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀?” Bóyá wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí gan-an tí ó fi yẹ kí òfin wà. Ọ̀pá tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè lónìí tí ó sì kọ̀ láti ṣe òfin, ọ̀pá tí wọn yóò fi nà án lọ́la ni ó ń gbẹ́.

Nítorí náà, níbikíbi tí ìjọba bá ti ní òun fẹ́ fi owó orí dá tẹlifíṣọ̀n tàbí rédíò sílẹ̀, kí àwọn tí ń san owó orí béèrè ohun mẹ́ta kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́. Èkíní: ta ni yóò yan àwọn alábòójútó rẹ̀, ṣé alátakò yóò sì wà nínú wọn? Èkejì: bí wọ́n bá bú ènìyàn lórí rẹ̀, ṣé òfin fún un ní àyè láti fèsì níbẹ̀? Ẹ̀kẹta: ṣé wọn yóò ka ìnáwó rẹ̀ sí etí gbogbo ayé lọ́dọọdún? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, kí wọ́n dáwó, kí wọ́n sì yọ̀. Bí kò bá dára, kí wọ́n di owó wọn mú ṣinṣin, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ wọn ni ó ń béèrè rẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìlú tí ó bá dí gbogbo ọ̀nà yòókù pa, tí ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé rẹ̀, kí ó má ṣe bínú bí ọjà náà bá tú.